‘Council’ àti ‘Counsel’: Ìgbìmọ̀ àti Ìmọ̀ràn nínú Ìtàn Èkó, láti 1861 títí dé Káńsù Ìkòtún

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì kan wà tí ó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láàmú. Àwọn náà ni ‘council’ àti ‘counsel’. Ohùn kan náà ni a fi ń pe méjèèjì, lẹ́tà méjì péré ni ó sì yà wọ́n nínú àkọsílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ kọ ọ̀kan a máa kọ èkejì. Ẹni tí ó ń ṣe ògbufọ̀ a sì máa pe méjèèjì ní ‘ìgbìmọ̀’ láìwo ọ̀tún wo òsì. Bí ó bá jẹ́ ti àkọtọ́ nìkan ni, à bá fi ọ̀ràn náà sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ó kan àwa tí ń kọ́ni ní Yorùbá àti ní ìtàn ilẹ̀ wa, nítorí pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì ni àwọn òyìnbó fi ṣe ìjọba lé Èkó lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà sì ni àwọn baba wa bá wọn du.

Ẹ jẹ́ kí a là á lẹ́sẹẹsẹ. Ìgbìmọ̀ ni àwọn ènìyàn tí a kó jọ láti bójú tó ọ̀ràn. Ìmọ̀ràn ni ohun tí ọlọ́gbọ́n sọ fún ẹni tí yóò ṣe ìpinnu. A lè kó ènìyàn jọ, kí a fún wọn ní àga, kí a pè wọ́n ní ìgbìmọ̀, síbẹ̀ kí ó jẹ́ pé ìmọ̀ràn nìkan ni a gbà wọ́n láyè láti mú wá, tí ẹlòmíràn yóò sì máa dá pinnu. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí òǹkàwé ìtàn bá rí ‘council’, ìbéèrè kan ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè: ta ni ó ni ìpinnu?

Orísun àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì

Inú èdè Látìnì ni méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n orísun wọn yàtọ̀. ‘Council’ ti inú ‘concilium’ wá, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe àpéjọ, àwọn tí a pè jọ sí ojú kan. ‘Counsel’ ti inú ‘consilium’ wá, ìtumọ̀ tirẹ̀ sì ni ìmọ̀ràn tàbí èrò tí a ti fi ọgbọ́n yẹ̀ wò. Ọwọ́ àwọn Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba méjèèjì. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn fúnra wọn fi ń kọ ọ̀kan sí ipò èkejì; ó di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. Ní ti àwọn Faransé, ‘conseil’ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún ìgbìmọ̀ àti fún ìmọ̀ràn títí di òní. Bí àwọn ará wa ní Kétu, ní Sákété àti ní Pọ́bẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ bá sọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú wọn ní Faransé, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọn yóò lò fún ìmọ̀ràn bàbá sí ọmọ ni wọn yóò lò. Nítorí náà, kì í ṣe òpè ni akẹ́kọ̀ọ́ tí méjèèjì rú lójú. Àwọn tí ó ni èdè náà pàápàá ti rìn ín rí.

Nínú gírámà, ‘council’ kò ju ọ̀rọ̀-orúkọ lọ. Kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe láéláé. ‘Counsel’ ní tirẹ̀ lè jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí ‘gbà nímọ̀ràn’. Ó tún ní ìtumọ̀ mìíràn ní ilé-ẹjọ́: agbẹjọ́rò tí ó dúró fún oníjọ́ ni à ń pè ní ‘counsel’. Bí agbẹjọ́rò náà jẹ́ ẹyọ kan, bí wọ́n sì jẹ́ mẹ́wàá, ‘counsel’ náà ni. A kì í fi lẹ́tà ‘s’ kún un. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà agbẹjọ́rò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń jẹ́ ‘King’s Counsel’ tàbí ‘Queen’s Counsel’, ní ìbámu pẹ̀lú ẹni tí ó bá wà lórí ìtẹ́. Àwa náà ní irú oyè bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1975 ni a kọ́kọ́ fi oyè Àgbà Amòfin Nàìjíríà dá àwọn amòfin lọ́lá, Olóyè Rótìmí Williams àti Dókítà Nabo Graham-Douglas ni ó sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Inú ‘council’ ni ‘councillor’ ti jáde, ẹni tí ará àdúgbò dìbò yàn sí káńsù. Inú ‘counsel’ ni ‘counsellor’ ti jáde, ìyẹn olùdámọ̀ràn. Ní ẹnu wa, ‘kánsẹ́lọ̀’ ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Ẹni tí ó jókòó ní gbọ̀ngàn káńsù láti ṣòfin lórí ọjà àti pópó, àti olùkọ́ tí ń tọ́ ọmọ ilé-ìwé sọ́nà lórí iṣẹ́ tí ọmọ náà yóò yàn, orúkọ kan náà ni a fi ń kí wọn. Ó sàn kí a jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ máa jẹ́ kánsẹ́lọ̀, kí a sì máa pe ti èkejì ní olùdámọ̀ràn, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ṣe pè é nínú ìwé Àìsáyà.

Yorùbá tiwa kò da méjèèjì pọ̀, bí ó tilẹ̀ fi hàn pé ẹbí ni wọ́n. ‘Mọ̀’ wà nínú ‘ìmọ̀ràn’: mímọ ọ̀ràn ni. ‘Mọ̀’ wà nínú ‘gbìmọ̀’ pẹ̀lú, inú èyí tí ‘ìgbìmọ̀’ ti jáde. Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè dá mọ ọ̀ràn, ó sì lè dá gbani nímọ̀ràn. Kò sí ẹni tí ó ń dá gbìmọ̀ ní tirẹ̀ nìkan. Gbígbìmọ̀ a máa fẹ́ ẹni kejì àti ẹni kẹta. Bí a bá di èyí mú, a ti ní odindi ìyàtọ̀ náà lọ́wọ́.

Ìgbìmọ̀ láyé àwọn baba wa

Kí òyìnbó tó dé ni a ti mọ ìgbìmọ̀ tí ó ní agbára. Ẹ jẹ́ kí a fi Ọ̀yọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn méje ni Ọ̀yọ́ Mèsì: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Ṣàmù, Alápìínni, Lágùnnà, Akínikú àti Aṣípa. Àwọn ni ó ń yan Aláàfin. Bí Aláàfin bá sì ṣi agbára lò, àwọn ni ó lè kọ̀ ọ́, àmì ìkọ̀sílẹ̀ wọn kò sì ṣeé gbójú fò. Aláàfin tí ó bá gba àmì náà mọ̀ pé ayé òun ti dópin.

Ní ààfin kan náà ni àwọn mìíràn ti ń gba ọba nímọ̀ràn. Babaláwo ń sọ ohun tí Ifá wí. Ìlàrí ń mú ìròyìn wá. Àwọn ayaba pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè sọ tí ọba yóò gbọ́. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ka àwọn wọ̀nyí mọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì. Ọba lè gba ìmọ̀ràn wọn, ó sì lè kọ̀ ọ́. Ti Ọ̀yọ́ Mèsì kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ìgbà náà mọ ẹni tí ń dámọ̀ràn yàtọ̀ sí ẹni tí ń pinnu, wọn kò sì nílò ìwé òfin kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Ìgbìmọ̀ tí kò ní ìpinnu: Èkó láti 1861

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó. Lẹ́yìn èyí ni kọ́ńsúlù wọn wá ń gbé ní ìlú náà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe da ‘consul’ yìí pọ̀ mọ́ ‘council’. Aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ni. Benjamin Campbell jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, láti 1853 títí ó fi kú ní 1859. Iṣẹ́ aṣojú ni kí ó sọ ọ̀rọ̀ ìjọba rẹ̀ fún ọba Èkó, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí ó ń ti ẹnu ẹni tí ó ní ìbọn jáde kì í pẹ́ di àṣẹ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, lójú ọkọ̀ ogun tí ó dúró ní ọ̀sà, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1862, wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sílẹ̀ fún Èkó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò ni ‘council’. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ìpinnu níbẹ̀? Gómìnà ni ó ń yan àwọn tí ó jókòó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀ ni ó sì pọ̀ jù. Ìwọ̀nba aráàlú tí a fi kún wọn kò tó láti borí ìdìbò kan ṣoṣo. Nígbà tí a ya Èkó kúrò lára Gold Coast ní 1886, a yan Ọ̀gbẹ́ni C. J. George àti Àlùfáà James Johnson sí ìgbìmọ̀ náà. Ènìyàn ńlá ni àwọn méjèèjì láàárín àwọn ará wọn. Nínú ìgbìmọ̀, olùdámọ̀ràn ni wọ́n.

Àpẹẹrẹ tí ó fi èyí hàn jù ni ti Christopher Alexander Sàpárà Williams. Òun ni ọmọ ilẹ̀ yìí àkọ́kọ́ tí a gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí amòfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1879. Ó wà nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láti 1901 títí ó fi kú ní 1915. Ẹ wò ó: agbẹjọ́rò ni, nítorí náà ‘counsel’ ni; ọmọ ìgbìmọ̀ ni, nítorí náà ó wà nínú ‘council’. Ní 1909, ìjọba Gómìnà Walter Egerton gbé òfin kan wá láti fi de àwọn tí ń kọ ìwé ìròyìn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tako ìjọba. Sàpárà Williams dìde, ó tako ó. Àwọn ará Èkó náà pariwo. Síbẹ̀ òfin náà kọjá, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó ní ìbò tí ó pọ̀ jù. Ó ti dámọ̀ràn; wọ́n ti gbọ́; wọ́n sì ti ṣe ohun tí ó wà lọ́kàn wọn.

Gómìnà William MacGregor ti dá ìgbìmọ̀ mìíràn sílẹ̀ ní 1901, èyí tí ó wà fún àwọn ọba àti ìjòyè. Ìyẹn náà kò ju ìdámọ̀ràn lọ. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí bóyá Ẹlẹ́pẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dé adé ìlẹ̀kẹ̀, MacGregor ní láti pe Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní wá sí Èkó ní 1903. Ọọ̀ni sọ pé Ẹlẹ́pẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí adé náà, ọ̀rọ̀ sì tán. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí a ránṣẹ́ pè láti Ifẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ pinnu ohun tí gbogbo àwọn tí ó jókòó kò lè pinnu. Àṣẹ wà lẹ́yìn ìmọ̀ràn rẹ̀. Àga nìkan ni ó wà lábẹ́ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀.

Lẹ́yìn tí Lugard da gúúsù àti àríwá pọ̀ ní 1914, ó dá Ìgbìmọ̀ Nàìjíríà sílẹ̀. Àwọn 36 ni ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ yìí 6 péré ni ó wà láàárín wọn. Wọ́n ka Aláàfin Ọ̀yọ́ àti Sultan Sókótó mọ́ wọn. Ohun tí ìgbìmọ̀ náà bá sọ kò ní agbára òfin kankan. Aláàfin tí ó ní Ọ̀yọ́ Mèsì nílé wá di ọmọ ìgbìmọ̀ tí kò lè fọ àgbàdo lẹ́nu ẹyẹ. Àwọn àgbà ní a kì í fini joyè àwòdì kí a má lè gbádìẹ. Oyè àwòdì ni Lugard fi wọ́n jẹ, ó sì gé èékánná wọn.

Ìbò àkọ́kọ́ àti Ìgbìmọ̀ Clifford

Ìgbìmọ̀ Nàìjíríà parun ní 1922, nígbà tí Gómìnà Hugh Clifford gbé òfin tuntun kalẹ̀. Ènìyàn 46 ni ó wà nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tuntun náà, 27 nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Fún ìgbà àkọ́kọ́, a gbà kí a dìbò yan àwọn 4: àwọn 3 láti Èkó, ẹnì 1 láti Calabar. Ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un tó £100 lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò. Obìnrin kò sí níbẹ̀, mẹ̀kúnnù kò sì sí níbẹ̀. Ìkòtún àti àwọn ìlú Àwórì yòókù tí ó wà lẹ́yìn odi Èkó kò ní ìbò rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn ẹsẹ̀ ni a fi ń ti ibẹ̀ gbé oúnjẹ lọ sí ọjà Èkó.

Herbert Macaulay àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, wọ́n sì gba gbogbo àga 3 tí ó jẹ́ ti Èkó nínú ìbò oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Àwọn tí ó wọlé ni Dókítà C. C. Adéníyì-Jones, Egerton Shyngle àti Eric Moore. Amòfin ni àwọn méjì tí ó gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n 4 kò lè borí 27. Ohun tí ìbò náà mú wá ni pé ìmọ̀ràn aráàlú wá ní ẹnu tí aráàlú yàn fúnra wọn. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, síbẹ̀ kì í ṣe ìpinnu. Ó di inú òfin Richards, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947, kí àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tó pọ̀ ju àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ nínú ìgbìmọ̀ náà.

Ìgbìmọ̀ tí ìmọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ àṣẹ

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá yí padà nìyí. Ìgbìmọ̀ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí à ń pè ní ‘Privy Council’, Ìgbìmọ̀ Ọba. Ẹ̀ka rẹ̀ kan ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láti gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti òfin, ẹ̀ka yìí kì í dá ẹjọ́. Ó kàn ń gba ọba nímọ̀ràn bí ó ṣe yẹ kí ẹjọ́ parí ni. Ṣùgbọ́n ọba kì í kọ ìmọ̀ràn náà. Ìmọ̀ràn ni lórí ìwé, àṣẹ ni ní tòótọ́. Ìdàkejì gbáà ni èyí jẹ́ sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó, tí ó jẹ́ aṣòfin lórúkọ tí ó sì jẹ́ olùdámọ̀ràn ní tòótọ́.

Àwọn ará Èkó mọ ìyàtọ̀ yìí, wọ́n sì lò ó. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Apápá, Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ní kí a san owó ilẹ̀ náà fún ìdílé òun. Ilé-ẹjọ́ ní Èkó sọ pé kì í ṣe òun ni ó ni ilẹ̀ náà ní kíkún. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay sì bá a lọ ní 1920. Àwọn agbẹjọ́rò rò ẹjọ́, Ìgbìmọ̀ Ọba sì sọ ní 1921, láti ẹnu Viscount Haldane, pé ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí ní 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìdílé tí ó ni ín, àti pé kí a san owó ilẹ̀ náà ní kíkún. £22,500 ni ìjọba san nígbẹ̀yìn.

Ẹjọ́ kejì ni ti Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀. Ní 1925, ìjọba yọ ọba Èkó yìí lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà láti ilé-ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ títí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1931, Ìgbìmọ̀ Ọba sọ, láti ẹnu Lord Atkin, pé ìjọba kò ní agbára láti fọwọ́ kan òmìnira ẹnikẹ́ni bí kò bá lè fi hàn níwájú ilé-ẹjọ́ pé òfin fún òun láyè. Ọdún náà ni Ẹlẹ́kọ̀ padà sí Èkó. Ohun tí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ kò lè fi ìbò rí gbà ní Èkó, agbẹjọ́rò fi ẹnu gbà á ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kí a má sì rò pé rere nìkan ni ó wà nínú èyí. Ìgbìmọ̀ tí ó jókòó ní òkèèrè, tí ẹnikẹ́ni níhìn-ín kò yàn, ni ó ni ìpinnu lórí wa. Ní 1963, nígbà tí ẹjọ́ Adégbénró àti Akíntọ́lá lórí ipò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dá Adégbénró láre. Ṣùgbọ́n Ilé Aṣòfin ní Ìbàdàn yí òfin padà kí ìdájọ́ náà má baà ṣẹ. Ọdún yẹn náà ni Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́, ẹjọ́ wa kò sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́.

Káńsù dé Ìkòtún

Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn, ní 1952, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ mínísítà fún ọ̀ràn náà, ni ó sọ ọ̀rọ̀ káńsù di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ láàárín wa. A ti da ilẹ̀ Èkó pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1951. Nígbà tí a yọ ìlú Èkó fúnra rẹ̀ kúrò ní 1954, Ẹ̀ka Ìkẹjà, tí Ìkòtún wà nínú rẹ̀, dúró sí abẹ́ Ìbàdàn títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Lábẹ́ òfin 1952, àwọn ará ìlú ń dìbò yan kánsẹ́lọ̀. Káńsù lè ṣe òfin kéékèèké, ó lè gba owó, ó lè gba òṣìṣẹ́. Èyí kì í ṣe ìdámọ̀ràn mọ́. Ìgbìmọ̀ tí ó ń pinnu ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba Ìbàdàn ṣì lè tú u ká. Àtúnṣe ọdún 1976 sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ọ̀kan náà káàkiri Nàìjíríà, ìwé òfin 1979 àti ti 1999 sì ṣe ìlérí káńsù tí a dìbò yàn fún gbogbo ènìyàn.

Ìwé òfin 1999 dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 fún Ìpínlẹ̀ Èkó. Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá, Ìgàndó, Ìpájà àti àwọn àdúgbò yòókù yóò gbà pé ènìyàn ti pọ̀ ju kí káńsù kan ṣoṣo lè dá wọn tọ́jú lọ. Ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn 37 mìíràn sílẹ̀ ní 2003, gbogbo rẹ̀ sì di 57. A pín Alímọ̀ṣọ́ sí 6, Ìkòtún-Ìgàndó sì di ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí a dìbò sí wọn ní 2004, ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Ààrẹ Ọbásanjọ́ dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró.

Agbẹjọ́rò tún ni ó kàn. Ìpínlẹ̀ Èkó, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà rẹ̀, gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, ilé-ẹjọ́ náà dá ẹjọ́ tí ó ní ojú méjì. Ó ní Ààrẹ kò ní agbára láti dá owó ìjọba ìbílẹ̀ dúró. Ó tún ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní ẹ̀tọ́ láti dá káńsù tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n pé ìdásílẹ̀ náà kò tíì parí títí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi fi orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ń jẹ́ Agbègbè Ìdàgbàsókè Ìjọba Ìbílẹ̀. Nínú ìwé òfin, orúkọ Alímọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. Orúkọ Ìkòtún-Ìgàndó kò sí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kan náà tún dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn, àti pé kò yẹ kí gómìnà máa tú káńsù tí a dìbò yàn ká. Fún àwọn tí ìwé òfin dárúkọ, ìròyìn ayọ̀ ni. Fún ará Ìkòtún, ìbéèrè àtijọ́ ni ó tún jí dìde. Káńsù rẹ̀ ní alága, ó ní kánsẹ́lọ̀, ó sì ní ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n orí òfin Ìpínlẹ̀ ni ó dúró lé, ọwọ́ ẹlòmíràn ni owó rẹ̀ yóò sì gbà kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Bí pópó bá bàjẹ́, tí omi òjò sì dí gọ́tà, ará àdúgbò fẹ́ mọ ẹni tí ó ní agbára láti tún un ṣe. Bí kánsẹ́lọ̀ bá dáhùn pé òun ti kọ̀wé sí àwọn tí ó wà lókè, a jẹ́ pé ‘councillor’ ti padà di ‘counsellor’ nìyẹn. Ìyàtọ̀ lẹ́tà méjì ti di ìyàtọ̀ ọ̀nà tí ó ṣeé rìn àti ọ̀nà tí kò ṣeé rìn.

Ìkádìí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ àwọn ènìyàn tí ó jókòó, ‘council’ ni. Ìgbìmọ̀ tàbí káńsù ni a ó pè é. Bí ó bá jẹ́ ohun tí a sọ, tàbí iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣe nígbà tí ó gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn, ‘counsel’ ni, ìmọ̀ràn ni. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí ó dìde ní ilé-ẹjọ́ láti gbẹnu sọ fún oníjọ́, ‘counsel’ náà ni, agbẹjọ́rò ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ni ní ìtàn Èkó, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ tí ìjọba fi pe nǹkan tó fún àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka iye àwọn tí ó jókòó, kí wọ́n bèèrè ẹni tí ó yàn wọ́n, kí wọ́n sì wá ẹni tí ó lè kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Ìgbìmọ̀ ọdún 1862 jẹ́ ìgbìmọ̀ lórúkọ. Ọ̀yọ́ Mèsì jẹ́ ìgbìmọ̀ ní tòótọ́. Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù fi orúkọ ìmọ̀ràn bo àṣẹ. Káńsù Ìkòtún-Ìgàndó, tí àwọn ará ibẹ̀ ti dìbò sí, ń retí kí ìwé òfin dárúkọ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá lè ya ìgbìmọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ̀ràn nínú ìwé yóò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá dàgbà, tí wọ́n sì wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dìbò.